Àwọn Awakọ̀ Tírélà Ojú Ọ̀nà Èkó sí Abidjan



Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2019, bí mo ti ń ṣe àlùwàlá láti kí ìrun Àlàásárì, fóònù mi dún. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní kéú nígbà tí ó wà ní kékeré ni ó pè mí. Kò bá kéú lọ jìnnà. Ọkọ̀ wíwà ni ó kọ́, ó sì di awakọ̀ tírélà tí ń ná Èkó sí Accra, tí ó sì máa ń dé Abidjan nígbà mìíràn. Ó ní, "Àfáà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kraké ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹ̀mẹ̀. Wọ́n ti bodè pa mọ́ wa. Accra ni mo ti ń bọ̀, ẹrù wà lẹ́yìn mi, ó di ọjọ́ kẹfà lónìí. Àfáà, ìrun méjì méjì ni kí n ṣì máa kí ni, àbí mẹ́rin?"

Mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ní àwọn yóò ṣí i. Ó ní wọn kò sọ fún àwọn. Àwọn kan ń wí pé ọ̀la ni, àwọn kan ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo sọ fún un pé kí ó máa kí i ní méjì méjì. Ní ojú ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tẹ̀lé nílẹ̀ yìí, arìnrìn-àjò tí ìrìn rẹ̀ bá tó mílì 48 a máa gé ìrun onírákà mẹ́rin sí méjì. Bí ó bá dé ibì kan, tí ó sì ti mọ̀ pé òun yóò lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ó ti dà bí ará ibẹ̀ nìyẹn, kí ó kí ìrun rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí òun yóò kúrò, tí ó ń wí lójoojúmọ́ pé bóyá ọ̀la ni, arìnrìn-àjò ni onítọ̀hún. A gbọ́ nínú ìròyìn pé Abdullahi ọmọ Úmárù, sàhábà Ànábì, wà ní Azerbaijan fún oṣù mẹ́fà nítorí pé yìnyín dí ọ̀nà, ó sì ń gé ìrun rẹ̀ kúrú ní gbogbo àkókò náà.

Ọmọ náà dúpẹ́, ó pa fóònù. Èmi náà lọ kí ìrun tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Yìnyín ni ó dí ọ̀nà mọ́ ọmọ Úmárù, yìnyín a sì máa yọ́. Kí ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn awakọ̀ wa láti ọjọ́ yìí wá? Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ nípa ìtàn ọ̀nà náà àti àwọn tí ń fi ọkọ̀ ńlá ná an. Ọjà tí wọ́n ń kó ni à ń lò, a kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n sùn.

Ọ̀nà tí mo ń wí yìí gùn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Láti Èkó ó gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀. Ó wọ Kútọnu, Ouidah àti Grand-Popo ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó gba Aného dé Lome ní Tógò. Ó wọ Gánà ní Aflao, ó gba Sogakope, Accra, Cape Coast àti Takoradi dé Elubo. Ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Noé ní Kodifuá, kí ó tó gba Aboisso àti Grand-Bassam dé Abidjan. Orílẹ̀-èdè márùn-ún, ẹnubodè mẹ́rin. Ẹni tó wa mọ́tò kékeré lè fi ọjọ́ méjì dé ibẹ̀. Tírélà lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ náà kò sì bàjẹ́ o.

Àwọn tó fi ìlà sí ojú ọ̀nà náà kì í ṣe ará ibẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Paris, wọ́n sì pín ilẹ̀ láàrin ara wọn. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá méjì wá di ará ìlú òyìnbó méjì. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò wa kò dẹ́kun ìrìn. Àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gold Coast tó di Gánà lónìí, láti Accra àti Kumasi títí dé Tamale lókè. Àwọn ará Èjìgbò ní tiwọn mú Abidjan gẹ́gẹ́ bí ilé kejì. Aṣọ, abọ́ àti ọjà wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó lọ, obì wà nínú ohun tí wọ́n ń kó bọ̀. Nígbà tí lọ́rì dé, tí ó sì pọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ni ó ń gbé.

Lọ́rì ayé ìgbà náà, ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà ìhín ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà tí gbogbo wa mọ̀ ni. Kò sí afárá lórí ọ̀pọ̀ odò. Ẹni tó ń lọ sí Kumasi láti ìhà Lome tàbí Hó gbọ́dọ̀ gbé lọ́rì rẹ̀ lé orí ọkọ̀ ojú omi ní Senchi kí ó tó kọjá odò Volta, àyàfi ìgbà tí wọ́n ṣí afárá Adomi ní 1957. Ìdí-Ìrókò ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà jáde kúrò ní Nàìjíríà nígbà náà láti wọ Àjàṣẹ́, nítorí ọ̀nà Àgbádárìgì kò tíì ṣeé gbójú lé. Ṣùgbọ́n owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Èkó àti ní Accra, pọ́n-ùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Gánà yọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 1958, Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1959. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣẹ́ owó pípààrọ̀ ti jókòó sí ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì tíì dìde níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kì í gbàgbọ́ bí mo bá sọ fún wọn. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó wa Bedford fún ọdún pípẹ́, Ọlọ́hun ti pè é. Òun ni ó sọ ọ́ fún mi. Ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa. Bí awakọ̀ bá ti kọjá Ìdí-Ìrókò, ó di ọwọ́ ọ̀tún, nítorí ilẹ̀ Faransé ni Dàhòmì. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni Tógò. Bí ó bá dé Aflao, ó tún padà sí òsì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Gánà. Bí ó bá wọ Kodifuá, ó di ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ènìyàn kan ṣoṣo yóò yí ọwọ́ padà ní ìrìn kan. Níwọ̀n bí sítíárìn lọ́rì Nàìjíríà sì ti wà ní apá ọ̀tún, bí bàbá yìí bá wà ní Dàhòmì tí ó fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀, kò lè rí ohun tó ń bọ̀. Ọmọ ọkọ̀ tó jókòó lápá òsì ni yóò yọrí síta, tí yóò pariwo pé, "Ó dáa, máa lọ!" tàbí "Dúró!" Bàbá náà ní ọmọ ọkọ̀ tó bá ń tòògbé lè pa gbogbo yín.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Gánà kò ṣe tirẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Bàbá wa ní ọdún méjì àárín yẹn ni ó ṣòro jù, nítorí ara ti ń mọ́ ọ̀tún, Gánà nìkan ni ó ń dà á rú. Ó so àkísà pupa mọ́ sítíárìn rẹ̀ ní Aflao, yóò tú u nígbà tí ó bá ń padà bọ̀ tí ó ti wọ Lome.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba ni ó máa ń le ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọ̀tún lọ. Kumasi ni wọ́n bí èmi sí ní 1968. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Gánà. Àwọn tó ti lo ogójì ọdún níbẹ̀ kò ní ìwé, ta ni ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀? Ìyá mi sọ fún mi pé orí ẹrù ni òun jókòó sí nínú lọ́rì, èmi lẹ́yìn òun, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní itan òun. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ó ní ní Aflao, níbi tí wọ́n ti tò fún ọjọ́ mẹ́ta, awakọ̀ náà, tí ó jẹ́ ọmọ Gánà, ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀kọ mímu fún àwọn ọmọdé ní àràárọ̀. Ìyá mi kò mọ orúkọ rẹ̀. Títí ó fi kú ni ó ń ṣe àdúà fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kárùn-ún ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pàdé ní Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní ECOWAS sílẹ̀. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún ọdún 1982, ní Kútọnu, wọ́n tọwọ́ bọ ti àwọn awakọ̀ gan-an: káàdì aláwọ̀ ilẹ̀ tí í ṣe ìdúró fún jàǹbá ọkọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ ẹgbẹ́, àti àdéhùn lórí ẹrù tó ń kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ohun tí àdéhùn yìí wí kò lọ́jú pọ̀. Kí àwọn aṣọ́bodè yẹ ẹrù wò níbi tí ó ti gbéra, kí wọ́n fi èdìdì dí i, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ní gbogbo bodè tó wà lọ́nà, kí wọ́n wo èdìdì pé kò já, kí wọ́n lu òǹtẹ̀, kí ọkọ̀ máa lọ. Ibi tí ó ń lọ ni wọn yóò ti tú u, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti gba owó orí rẹ̀.

Ìwé tó dára ni. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tó gbọ̀nà, àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù. Gánà fúnra rẹ̀ sì ti ti bodè rẹ̀ pa láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Tógò náà ti tirẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà kún ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n há sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Èkó. Mo rí tírélà tí ń kó màlúù tẹ́lẹ̀ tí ó kó ènìyàn, wọ́n dúró gbọnrangandan nínú rẹ̀, báàgì wọn lórí wọn. Mo rántí ohun tí ìyá mi sọ nípa Aflao, ojú tì mí. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Gánà tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari ti bodè Nàìjíríà, wọ́n sì pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i fún ọjà. Ọdún méjì tán! Awakọ̀ tó wà ní òdìkejì nígbà náà, òun ni ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Àwọn tí mo mọ̀ lára wọn di alágbàro. Ọ̀kan di onítẹ́tẹ́ ọ̀rá pẹtiróòlù ní Àjàṣẹ́, kò sì wakọ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ní 1998, àwọn ará wa tó wà ní Treichville ní Abidjan ránṣẹ́ pé kí n wá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kéú fún oṣù mẹ́ta. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí itan ìyá mi nínú lọ́rì ọjọ́sí, ń wa tírélà lọ sí ibẹ̀. Ó ní, "Àfáà, kí ni ẹ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì fún? Ẹ bá mi lọ, ẹ máa ṣe àdúà fún mi lójú ọ̀nà." Ìké, ọṣẹ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ẹrù rẹ̀. Àwa mẹ́ta ni a wà níwájú: òun, èmi, àti ọmọ ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a lò. Mo fi bíírò kọ wákàtí tí táyà fi yí sí ẹ̀yìn ìwé kan. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yòókù, ìdúró ni.

Kí ni awakọ̀ ń ṣe níbi tí ó dúró sí? Ó ń wá ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé, ó ń wá òǹtẹ̀, ó ń dúró de ọ̀gá tó lọ jẹun. Ní alẹ́, ó ta àkéte olókùn sábẹ́ tírélà, láàrin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ sùn sórí ẹrù nítorí olè. Èmi nìkan ni wọ́n fún ní ìjókòó iwájú, wọ́n ní àfáà ni mí, n kò sì lè sùn nítorí ẹ̀fọn. Ní ìdájí, Hausa onítíì á dé, òun ni aago wọn. Bútà méjì ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún àlùwàlá, ọ̀kan fún ilé ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ pààrọ̀ wọn. Àwọn awakọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí láti Bùrùkínà, Màlì, Nìjẹ̀ àti ọ̀dọ̀ wa máa ń tẹ́ ẹní pọ̀ láàrin ọkọ̀ méjì, ẹni tó bá mọ Àlùkùránì jù nínú wọn ni wọn yóò tì síwájú. Ìrun tí mo bá wọn kí ní ẹnubodè Elubo lábẹ́ òjò, mo ṣì ń rántí rẹ̀.

Èdè wọn tún ń kọ́? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò lọ sí ilé ìwé Faransé rí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wọ aṣọ ìjọba láti Kraké dé Hilla-Condji ni ó ń pè ní "Ṣẹ́ẹ̀fù", tí yóò bọ́ fìlà. Bí ó bá dé Aflao ó di "Masa". Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Ègùn, ó ń ta Twi díẹ̀díẹ̀. Ní Sogakope àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ń bú u, ó ń bú wọn padà ní èdè wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Owó oṣù awakọ̀ kéré púpọ̀. Ohun tó gbójú lé ni owó ojú ọ̀nà. Ẹni tó ni ọkọ̀ yóò ka owó lé e lọ́wọ́ kí ó tó gbéra: ti epo, ti bodè, ti oúnjẹ, ti àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró. Bí ó bá ṣẹ́kù, tirẹ̀ ni. Bí kò bá tó, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà ni. Nítorí náà, gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi okùn tí wọ́n ta dí ọ̀nà, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú. Nínú ìṣirò kan tí ECOWAS ṣe nígbà kan, ibi ìdádúró 69 ni ó wà láàrin Èkó àti Abidjan, ó jẹ́ méje ní gbogbo 100 kìlómítà. Èmi ka ogójì ó lé díẹ̀, mo bá sùn lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ká owó kéékèèké sí àárín ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, bí ẹni ń di ẹ̀kọ. Ó bi mí pé, "Àfáà, ṣé èmi náà wà nínú àwọn tí Ànábì ṣẹ́bi lé nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?" Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹni tó san án kí wọ́n má baà fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tó gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n máa fi hàn wọ́n."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ọkùnrin bá ń lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá ní ìdúró, tí ìdúró náà sì jẹ́ ibì kan náà nígbà gbogbo, kò lè ṣaláì ní ilé síbẹ̀. Mo mọ̀ ní 1998 pé obìnrin kan ní Lome máa ń gbé oúnjẹ wá fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. N kò béèrè, òun náà kò sọ. Nígbà tí ó kú ní 2006, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin náà dé pẹ̀lú ọmọ méjì àti àfáà kan tó jẹ́rìí pé òun ni òun so yìgì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá, kò jáde títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó jáde, ó ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ náà wá, kí òun wò wọ́n. Wọ́n gba ìpín tiwọn nínú ogún gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti pín in, èyí àbígbẹ̀yìn sì jọ bàbá rẹ̀ ju gbogbo àwọn tilé lọ. Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ni ó ń parí báyìí. Àwọn awakọ̀ mìíràn kò so yìgì, àrùn éèdì sì tẹ̀lé ọ̀nà náà bí ọjà ti ń tẹ̀lé e. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè márààrún fi dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2002, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Kútọnu, láti máa ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú fún àwọn awakọ̀ àti àwọn ará ẹnubodè. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró pẹ́ jù ni wọ́n ti lọ bá àrùn náà.

Ọdún 2002 náà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kodifuá tí ilẹ̀ náà fi pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Bùrùkínà tó ń lo èbúté Abidjan yí orí sí Lome, Tema àti Kútọnu. Ìlà ọkọ̀ sì gùn sí i ní àwọn bodè wa.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Ààrẹ Buhari, tó ti padà wá gẹ́gẹ́ bí olórí tí a dìbò yàn, àti Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ bodè tuntun ní Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké. Àwọn aṣọ́bodè ìlú méjèèjì yóò jókòó sábẹ́ òrùlé kan, kí ọkọ̀ má baà dúró lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí àwòrán rẹ̀, ilé náà dára. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, kò tíì pé ọdún kan, Nàìjíríà ti bodè náà pa, wọ́n ní nítorí ìrẹsì fàyàwọ́. N kò sọ pé fàyàwọ́ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo kọ́ ní kéú kò kó ìrẹsì. Ọjà tí wọ́n ṣe ní Gánà ni ó kó, pẹ̀lú ìwé tí ECOWAS ní kí ó mú dání, èdìdì rẹ̀ kò sì já.

Ó ń pè mí ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn tó kó èso ti da tiwọn nù. Ó ní ọmọ ọkọ̀ òun ti sá lọ. Ó ní owó ojú ọ̀nà ti tán, òun ti ta fóònù ńlá òun, kékeré ni ó kù. Nígbà gbogbo ni ó máa ń parí rẹ̀ pé, "Bóyá ọ̀la, Àfáà."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ìròyìn jáde pé ìjọba ti sún títì bodè náà síwájú, ó di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ọmọ náà pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó gbọ́ ọ. N kò jẹ́ kí ó béèrè, mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Mo sọ fún un pé bí ó bá pinnu láti dúró ti ẹrù rẹ̀, ìdájọ́ ti yí padà. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìlọ rẹ̀ ni ó ń gé ìrun. Òun ti wá mọ̀ pé kò sí ìlọ láàrin ọjọ́ mẹ́rin, pé ó di oṣù mẹ́ta. Mo ní, "Láti òní lọ, mẹ́rin mẹ́rin ni kí o máa kí i."

Ó dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já ni. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àfáà, ṣé mo ti di ará Kraké nìyẹn?"

Mo ní ní ti ìrun ni o. Ó ní ó yé òun. Mo ń gbọ́ ẹni tó ń pe ìrun Màgàríbì lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ohùn náà há díẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ.

Ní oṣù Kejìlá, olówó ẹrù wá láti Accra, wọ́n tú u sínú ọkọ̀ mìíràn, ó gbé e padà. Tírélà náà wà ní Kútọnu. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, ó wọ ọkọ̀ wálé pẹ̀lú báàgì kan àti bútà rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní dé, ó kọjá, wọn kò ṣí i. Àrùn Kòrónà tún dé. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀, ti Ìdí-Ìrókò sì di 2022. Ó lọ gbé ọkọ̀ náà ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Táyà mẹ́rin ti lọ lára rẹ̀.